Ẹni Tó Ń Dá Orin Mi Dúró ní Ọ̀sán

Mo ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí orin tí mo ń gbọ́ dákẹ́. Kò parí o. Ó kàn dákẹ́ ni, láàárín ẹsẹ kejì, bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ bo olórin lẹ́nu. Mo nu ọwọ́ mi, mo wo fóònù mi lórí fìríìjì. Ohun tí mo mọ̀ pé n ó bá níbẹ̀ náà ni mo bá: ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń sọ pé orin ti ń lọ lórí fóònù mìíràn.

"Ó ti jí," ni mo wí.

Ọkọ mi gbọ́ mi láti pálọ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Èkìtì. Rédíò ni tirẹ̀, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun máa bá ìròyìn du ariwo nínú ilé.

"Mummy," ó ní, "inú gbogbo èèyàn ló ń bàjẹ́ bí orin wọn bá já. Ìwọ nìkan ni mo rí tó ń rẹ́rìn-ín."

Ó mọ ìdí rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin wà ní Kánádà, níbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n ní Òkòtá níbi tí à ń gbé. Àkáǹtì orin kan ṣoṣo ni èmi àti ọmọ náà jọ ń lò. Ètò tó wọ́n kéré jù ni a ń san owó rẹ̀, ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan nínú wa bá ti tẹ orin, ti ẹnì kejì á dúró. Nítorí náà, bí orin mi bá dákẹ́ ní ọ̀sán, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọmọ mi ti jí, ó ti ki íápíìsì bọ etí, ó sì ti ń múra àtijáde.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á ti mọ̀ pé ohun tí èèyàn fẹnu ara rẹ̀ sọ dára, àmọ́ ohun tó ṣe nígbà tí kò mọ̀ pé ẹnì kankan ń wo òun dára jù ú lọ. Àmì kékeré tó ń já orin mi yìí, mo gbà á gbọ́ ju gbogbo "mo wà dáadáa, Mummy" tí wọ́n ń sọ fún mi lórí fóònù.

Kí áàpù tó dé, Òṣòdì ni mo ti ń ra orin. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Ìkẹjà, Òṣòdì ni mo ti ń wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Òkòtá, àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì sì wà níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n pọ̀ lọ súà. Wọ́n á fi díẹ̀ dán an wò fún ẹ, wàá jó díẹ̀, wàá sanwó. Bó o bá délé, lẹ́yìn orin kejì, ìwàásù ẹnì kan tó ò mọ̀ rí ni wàá gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni sídì dé, tí wọ́n á kó ogójì olórin sórí ẹyọ kan, tí yóò máa há láti orí orin kẹta. Lẹ́yìn sídì, mẹ́mọ́rì. Ọkùnrin kan wà ní Èjìgbò tó ní kọ̀ǹpútà nínú ìsọ̀ onípákó. Wàá gbé mẹ́mọ́rì fóònù rẹ fún un, yóò béèrè pé, "Kí ni ká kó sí i, Mummy?" Ohunkóhun tó wù kó o wí, orin tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ni yóò kó sí i. Ọdún kan gbáko ni mo fi gbọ́ orin ìfẹ́ tí mi ò béèrè.

Ọmọ mi ló gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ó ṣì wà ní yunifásítì nígbà náà. Ó wá sílé fún ìsinmi, ó bá mi níbi tí mo ti ń wá mẹ́mọ́rì mi lábẹ́ àga.

"Mummy, ẹ má lọ bá bọ̀dá yẹn mọ́ o. Ẹ mú fóònù yín wá."

Ó fi áàpù náà sí i, ó ní kí n dárúkọ olórin èyíkéyìí. Mo dárúkọ bàbá kan tí ìyá mi máa ń gbọ́ bó bá ń lọ aṣọ, tí ó ti kú tipẹ́, tí mi ò rí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rà mọ́ láti bí ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi. Orin rẹ̀ jáde. Gbogbo ẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Títí kan ti àtijọ́?"

"Títí kan ti àtijọ́, Mummy. Ẹ ṣáà ti máa ra dátà."

Owó tí à ń san fún áàpù náà lóṣù kan kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán tí mo ń jẹ ní búkà ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa. Mo ti fẹ́ràn nǹkan ìgbàlódé tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi fóònù gba ohùn èèyàn sílẹ̀ nínú yàrá ìròyìn wa, nígbà tí àwọn tó kù ṣì ń gbé rẹ́kọ́dà tó tóbi bíi búrẹ́dì kiri. Àmọ́ èyí yàtọ̀. Àwọn ọmọdé ọ́fíìsì sọ mí ní Mummy Áàpù, torí pé kò sẹ́ni tó kọjá nídìí tábìlì mi tí n kò ní fi íápíìsì kan há létí kó gbọ́ nǹkan tuntun.

Ọjọ́ Ẹtì ni orin tuntun máa ń jáde. Ibẹ̀ ni èmi àti ọmọ mi ti dá eré wa sílẹ̀. Ẹni tó bá rí orin tuntun tí ẹnì kejì kò tíì gbọ́ rí, tó sì dùn, kò ní fọ abọ́ lọ́jọ́ Sunday. Bàbá wọn ni adájọ́. Ìdájọ́ rẹ̀ le. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tèmi, ó gbọ́ ti ọmọ, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Méjèèjì ò dáa," ó ní. "Ẹ jọ lọ fọ abọ́."

Ọmọ náà ló rí ọmọ Èkìtì kan lórí áàpù. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọrin ní èdè ilé bàbá wọn, pẹ̀lú gìtá kan ṣoṣo, tó jọ pé inú yàrá tó ń gbé ló ti gbà á sílẹ̀, torí pé bí èèyàn bá tẹ́tí dáadáa, yóò gbọ́ adìyẹ níta. Àwọn tó ti gbọ́ ọ kò tíì pọ̀ rárá. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ pa rédíò.

"Ọmọ ta nìyẹn? Ọmọ ìlú wo?"

"A ò mọ̀ o, Daddy. Ṣé ó dáa?"

"Tún un gbé sí i ná."

A gbé e sí i títí ìrẹsì fi jóná. Kò sọ pé ó dáa, àmọ́ ọmọ kò fọ abọ́ lọ́sẹ̀ náà, èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn tó parí ẹ̀kọ́, tó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Ìsọlọ̀, tí kò sì rí ọjọ́ iwájú kankan nínú rẹ̀, ó rí ọ̀nà lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa ló ti rí irú rẹ̀, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ní pápákọ̀ òfurufú, bàbá rẹ̀ gbàdúrà, èmi sì ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tí kò wọ́ ṣe. Nígbà tó yá kó wọlé, ó yíjú padà.

"Mummy, páásíwọ́ọ̀dù wa ńkọ́? Ẹ má yí i padà o. Orin wọ́n lọ́hùn-ún."

"Ta ló fẹ́ yí i?" ni mo dáhùn.

Ohun tí a bá ara wa sọ kẹ́yìn nìyẹn kí ẹnu ọ̀nà tó gbé e mì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí orin mi já, ọ́fíìsì ni mo wà. Mò ń kọ ìròyìn lórí gọ́tà tó dí ní Àílẹ́gún, orin ń lọ létí mi. Ó dákẹ́. Mo rò pé dátà mi ló tán. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò tán. Ìgbà náà ni mo rí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lórí fóònù. Mo dìde dúró.

Ọmọkùnrin tó ń ṣàtúnṣe ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbójú sókè. "Kí ló dé, Mummy?"

"Ọmọ mi ti jí!"

"Háà! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó ní. "Ṣé ó ti pẹ́ tó ti wà ní ọsibítù ni?"

Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin sí i lọ́sàn-án, bóyá mo fẹ́ gbọ́ orin tàbí n kò fẹ́. Bí ẹni tó fi àwo sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni mo rí. Bó bá já, mo ti rí ohun tí mo ń dúró dè. Màá wá wo orin tí ó gbé sí i, torí áàpù náà máa ń to èyí tí a gbọ́ láìpẹ́ síwájú. Bó bá jẹ́ orin ijó, mo mọ̀ pé ara rẹ̀ yá. Bó bá jẹ́ orin ìjọ, mo mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Bó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì yẹn, léraléra, kò sí ohun tó ń ṣe é ju ilé lọ. Bó bá pè mí, n ò ní sọ ohun tí mo rí.

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, Mummy."

"Ṣé òtútù ò pọ̀ jù?"

"Ó ti mọ́ mi lára."

Kò tíì mọ́ ọn lára. Orin ti sọ fún mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìsọ̀ télọ̀ tó wà lójú ọ̀nà wa ni mo máa ń jókòó sí, tí mo máa ń dúró de aṣọ tí kò ní yá. Ìyá Ìbejì là ń pe télọ̀ náà. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, Àílẹ́gún ló ti háyà yàrá. Mo gbé sípíkà mi kékeré sórí tábìlì rẹ̀, orin ń lọ, ó sì já.

"Ẹ̀gbọ́n mi, dátà yín ti tán."

"Kò tán o. Ọmọ mi ló gba orin."

"Èwo? Èyí tó wà ní Kánádà?" Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Ó wá jókòó síbẹ̀, ó ń já orin gbà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ní Òkòtá?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ fún un pé bí mo ṣe ń mọ̀ pé ó jí nìyẹn, pé ọjọ́ tí orin kò bá já, mi ò ní lè jókòó sójú kan. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ pátákó, ó ronú.

"Tèmi tó wà ní Ìbàdàn níbí," ó ní, "àfi tó bá nílò nǹkan ni mò ń gbúròó ẹ̀. Ẹ bá mi fi áàpù yẹn sí fóònù mi."

Sunday kan báyìí, lẹ́yìn ìsìn, ọmọ mi pè, a sì ń rí ara wa lójú fóònù. Ó ti sanra díẹ̀. Ó kí bàbá rẹ̀, ó kí mi, ó wá ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan.

"Mummy, mo fẹ́ ṣí àkáǹtì orin tèmi."

"Kí ló ṣe eléyìí?"

"Mo máa ń já orin gbà lẹ́nu yín. Kò dáa. Ẹ lè máa gbádùn ara yín jẹ́jẹ́, kí n kàn dé, kí n gbà á. Ó ti ń dùn mí látìgbà tí mo ti dé ibí. Ṣebí owó ti ń wọlé fún mi báyìí."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi ni mo kọ́ ọ. Nílé wa, ọmọ kì í ki ọwọ́ bọ abọ́ àgbà. Ọmọ kì í mú ẹran kí bàbá tó mú. Ọmọ kì í yí rédíò tí àgbà ń gbọ́. Gbogbo ìgbà tí mo gbá a lọ́wọ́ nídìí tábìlì oúnjẹ, ó ti di ìwà ọmọlúàbí sí i lára, ó sì ti gbé e dé Kánádà. Mo ti bi àwọn èèyàn ńlá ní ìbéèrè tí wọn kò fẹ́ dáhùn, mo sì ti dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi dáhùn. Àmọ́ mi ò mọ bí ìyá ṣe ń sọ fún ọmọ pé, jọ̀ọ́, máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ mi.

"Ó dára, ọmọ mi," ni mo wí. "Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ."

Nígbà tó pa fóònù, ọkọ mi ń wò mí.

"Kí ló dé tó ò sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni, Daddy?"

"Ohun tó o ń sọ fún télọ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn orin mi bẹ̀rẹ̀ sí í parí. Gbogbo wọn. Mo gbọ́ ìparí àwọn orin tí mi ò gbọ́ ìparí wọn rí, torí pé ọ̀sán ni mo máa ń gbé wọn sí i. Ọ̀kan tiẹ̀ wà nínú wọn tí akọrin náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ níparí. Mi ò fẹ́ mọ̀.

Áàpù náà fúnra rẹ̀ yí padà. Tẹ́lẹ̀, bó bá ń dábàá orin tuntun fún mi, yóò da tèmi pọ̀ mọ́ ti ọmọ mi: àgbà olórin kan lókè, àwọn ọmọ tó ń pariwo nísàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ aláriwo ń dín kù. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ti kó lọ tún ń wá mú ẹrù rẹ̀ tó kù níkọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn orin tó fẹ́ràn sí i, tí mi ò fẹ́ràn, kí áàpù má bàa gbàgbé rẹ̀. Bàbá wọn fara dà á fún ọjọ́ díẹ̀.

"Kí lọmọ yìí ń bínú sí?" ó ní nípa akọrin kan.

"Ọmọ yín fẹ́ràn ẹ̀."

Ó tún rédíò rẹ̀ gbé sétí.

Ìyá Ìbejì náà ṣàkíyèsí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ò gba orin mọ́?"

"Ó ti ra tiẹ̀."

"Ẹ kú oríire o!"

"A dúpẹ́."

Ó wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ díẹ̀, ó tún wò mí. "Ojú yín ò jọ ti ẹni tó ṣoríire."

Ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọ Èkìtì tó ń kọrin nínú yàrá yẹn gbé orin tuntun jáde. Òwúrọ̀ ni mo rí i, kí n tó wẹ̀. Kò sí adìyẹ níta mọ́. Ó jọ pé ó ti rí ibi tó dára gba orin sílẹ̀. Orin náà dùn débi pé mo gbàgbé omi lórí iná. Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Lọ́hùn-ún, ó ṣì ń sùn. Mo lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sàn-án, ó pè mí. Ó ń rìn lọ́nà, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo sì ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí yìnyín.

"Mummy! Ẹ ti gbọ́ ọ ṣáájú mi!"

"Abọ́ dọwọ́ ẹ o. Máa fọ ti Kánádà wá."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́, tó máa ń ti imú jáde.

"Mummy, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o."

"Mi ò ní fi ẹ́ rẹ́rìn-ín."

"Nígbà tá a jọ ń lo ti yín, tá a bá wà ní ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́, orin tèmi náà máa ń já. Ìrọ̀lẹ́ tiyín nìyẹn. Ẹ ti wọ bọ́ọ̀sì ní Òṣòdì, ẹ ti tẹ orin. Màá wá sọ fún àwọn tá a jọ ń jẹun pé, ìyá mi ti ń lọ sílé. Báyìí, orin mi kì í já. Mi ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ délé mọ́."

Mo kúrò nídìí tábìlì mi, mo bọ́ síta sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ mi.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin Mummy mi? Kí n ní kẹ́ ẹ máa já orin gbà lẹ́nu mi? Mo rò pé inú ń bí yín sí èyí tí èmi ń já ni. Ẹ kì í sọ̀rọ̀."

Mo wá sọ̀rọ̀. Mo sọ ti àlùbọ́sà fún un, àti ti ọmọkùnrin tó rò pé ọsibítù ló wà. Mo sọ ohun tí Ìyá Ìbejì wí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí i. Mo sọ fún un pé mo máa ń wí i sókè, pé "ó ti jí", bàbá rẹ̀ á sì gbọ́ ọ láti pálọ̀. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, nígbà tó yá, bàtà náà dúró.

"Mummy," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí. "Páásíwọ́ọ̀dù wa ńkọ́? Ṣé ẹ ti yí i?"

"Ta ló fẹ́ yí i?"

Ó ní òun máa wọlé padà sórí àkáǹtì wa bí òun bá ti ráyè. Ó ní kí n má dúró de òun o, torí pé ọ̀sẹ̀ yìí le níbi iṣẹ́. Mo ní ta ló fẹ́ dúró dè é.

Lónìí, Sátidé ni. Ọbẹ̀ wà lórí iná. Mo ti gbé orin ọmọ Èkìtì náà sí i, ó ti parí, mo sì ti tún un gbé sí i. Ọkọ mi ti yí rédíò rẹ̀ wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́.

"Kò tíì jí?" ó béèrè láti pálọ̀.

"Ìsinmi ni lọ́hùn-ún, Daddy. Ó lè ṣì máa sùn."

"Hmm."

Orin náà ti wọ ẹsẹ kejì. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo sì ń dúró kí ó dákẹ́.